Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ilẹ̀ Ifẹ̀? Ọ̀rọ̀ lórí Ìwalẹ̀pìtàn àti Ìtọ́jú Ogún Àjogúnbá

1. Ìfáárà

 

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ara wa ni a ti gbọ́ láti ẹnu àwọn arọ́kin, àwọn babaláwo àti àwọn àgbà ilé. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí mìíràn wà tí a kì í sábà pè. Ẹlẹ́rìí yìí kì í gbè sẹ́yìn ìdílé kankan, kì í sì í pọ́n ọba kankan. Àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ àfi bí a bá bi í ní ìbéèrè. Bí a bá sì bi í lọ́nà tí kò tọ́, yóò yadi títí láé. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí náà.

Ilẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ wá ìdáhùn sí kò ju ọ̀kan lọ: ta ni yóò ṣọ́ ilẹ̀ yìí? Mo yan Ifẹ̀ nítorí pé kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a ti walẹ̀ rẹ̀ tó o, kò sì sí èyí tí ìtàn bí a ṣe rí àwọn ohun inú ilẹ̀ rẹ̀ lè kọ́ wa lọ́gbọ́n tó o. Èrò mi ni pé òfin ìjọba nìkan kò lè ṣọ́ ilẹ̀ náà, àwa onímọ̀ nìkan kò sì lè ṣọ́ ọ. Àwọn tí ń gbé orí rẹ̀, àwọn baálé, àwọn àwòrò, àti àwọn bíríkìlà tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ni olùṣọ́ àkọ́kọ́. Bí a kò bá fún wọn ní ipò olùṣọ́, orí ère ni a ó máa kó sínú àpótí gíláàsì, ìtàn tí ó wà lẹ́yìn orí náà yóò sì ti sọnù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

2. Kí ni awalẹ̀pìtàn ń wá?

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìṣúra ni awalẹ̀pìtàn ń wá. Bí a bá ń gbẹ́lẹ̀, àwọn ará àdúgbò a máa dúró létí kòtò, wọn a bi wá pé, “Ṣé ẹ ti rí wúrà?” Bí a bá fi àpáàdì mẹ́ta àti èédú kékeré kan hàn wọ́n, wọn a mirí, wọn a sì bá tiwọn lọ. N kò bá wọn wí. Ẹni tí kò mọ ohun tí èédú lè wí yóò rò pé ìdáná àná ni.

Ilẹ̀ tí ènìyàn ti gbé rí a máa wà ní ìpele ìpele, bí ẹní tí a tẹ́ lé orí ara wọn. Ìpele ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ débẹ̀. Ti òkè ni ó dé kẹ́yìn, àfi bí ẹnì kan bá ti gbẹ́ kòtò la ibẹ̀ kọjá. Ohun tí ó wà nínú ìpele kan náà jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Bí a bá rí ère kan, àpáàdì kan àti èédú kan nínú ìpele kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dà rú, èédú yóò sọ ọdún, àpáàdì yóò sọ irú àwọn tí ń gbé ibẹ̀, ipò tí ère wà yóò sì sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Láti ọdún 1949 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé a lè fi kábọ́ọ̀nù inú èédú àti egungun mọ bí ọjọ́ ti pẹ́ tó tí igi tàbí ẹran náà ti kú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fa ère náà yọ tí a gbé e lọ, tí a kó erùpẹ̀ yòókù dànù, ẹ̀rí mẹ́ta ti di ẹ̀rí kan, ọ̀kan tí ó kù sì ti ya odi.

N ó fi àpẹẹrẹ kan hàn yín láti ìta Ifẹ̀. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ nínú ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, ní agbègbè Ondó. Wọ́n rí egungun ènìyàn kan níbẹ̀, ìwádìí sì fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí ọdún 11,000, bí kò tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a ti sin ẹni náà. Kò sí wúrà níbẹ̀, kò sí idẹ. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi gé nǹkan ni ó kún ibẹ̀. Síbẹ̀, nítorí pé a mọ ìpele tí egungun náà wà, a mọ̀ lónìí pé ènìyàn ti ń gbé inú igbó ilẹ̀ wa ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ọba kankan tó dé adé. Ẹ tún wo orúkọ ihò náà. Ihò Eléérú ni àwọn tí ó ni í ń pè é, nítorí eérú tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún “Iwo Eleru” ni a kọ sínú àwọn ìwé, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì fara sin. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ ó ń fi hàn pé bí a bá fi àwọn onílẹ̀ sẹ́yìn, orúkọ ni ó kọ́kọ́ ń sọnù.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. A lè tún ilé kọ́. Ilẹ̀ tí a ti gbẹ́ kò ní ẹwà tí ó ń bù sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè ka ojú ewé rẹ̀, nítorí pé bí a ti ń kà á ni a ń ya á.

3. Wúnmọníjẹ̀ àti Ìta Yemòó

Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin Ọọ̀ni, kan orí idẹ nínú ilẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi parí ní ọdún kejì, orí tí wọ́n hú jáde ti ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Gbogbo wa ni a mọ àwòrán àwọn orí wọ̀nyí: ojú tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú àwọn kan, ihò kéékèèké yí ètè àti iwájú orí ká. Àwọn kan nínú àwọn aláwọ̀ funfun nígbà náà kò fẹ́ gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú ni ó ṣe wọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì ti wá sí Ifẹ̀. Nígbà tí ó rí ẹwà ère amọ̀ àti orí Olókun, ó ní àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni ó ti wá tẹ ìlú dó sí ibí yìí. Irọ́ ni. Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó já irọ́ náà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ rẹ̀ létòlétò.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè nípa àwọn orí Wúnmọníjẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe? Ṣé wọ́n ń dé adé lé wọn lórí ní àkókò ọdún ni? Ṣé ère ìsìnkú ọba ni? Ta ni ó rì wọ́n mọ́lẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ṣé ojúbọ ni ibẹ̀ àbí ibi tí a sá wọn pamọ́ sí nígbà ogun? Ó ti ju 80 ọdún lọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí rẹ̀, iyàn náà kò sì tíì tán. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹnì kankan tí ó kọ bí àwọn orí náà ti wà nínú ilẹ̀ sílẹ̀ kí a tó fà wọ́n yọ. Àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ kò mọ̀ pé ó yẹ kí á kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn. Àwọn ohun tí ó lẹ́wà jù lọ tí a rí nínú ilẹ̀ Yorùbá ni ó wà lára àwọn tí a mọ ìtàn wọn kéré jù lọ.

Ìfọ́nká tẹ̀lé ìwalẹ̀ náà. Orí kan dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà ní British Museum láti 1939 títí di òní. Méjì dé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ William Bascom, ẹni tí ó dá wọn padà ní 1950. Àwọn tí ó kù ni Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó pa mọ́ sí ààfin, kí ìlú tó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀ ní 1954. Ẹ kíyè sí i pé kí ìjọba tó ní òfin tí ó múná, ọba ìlú ni ó kọ́kọ́ ṣe olùṣọ́.

Ọdún 1957 ni ẹ̀kọ́ kejì dé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní Ìta Yemòó kan àwọn ère idẹ: ère Ọọ̀ni kan tí ó wọ aṣọ oyè tòun ti ìlẹ̀kẹ̀, ère ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ́ ara wọn, àti àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi tó àwọn aláṣẹ létí, Frank Willett sì walẹ̀ ibẹ̀ létòlétò. Nípasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, àfọ́kù ère amọ̀ sísun tí ó jẹ́ ti ojúbọ, àti èédú tí a fi mọ ọdún. Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn gbangba pé Ifẹ̀ ti jẹ́ ìlú ńlá ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí àwọn Òyìnbó tó fi ọkọ̀ ojú omi dé etíkun wa. Ìyàtọ̀ láàrin Wúnmọníjẹ̀ àti Ìta Yemòó kò sí nínú idẹ wọn. Ìyàtọ̀ náà ni pé ní ibì kan, ọ̀rọ̀ parí nígbà tí a fa ère yọ. Ní ibì kejì, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

4. Pàǹtírí Igbó Olókun

Bí ẹ bá wá bi mí pé èwo nínú gbogbo ohun tí a hú ní Ifẹ̀ ni mo kà sí pàtàkì jù, n kò ní mú orí idẹ. N ó mú àfọ́kù ìkòkò kan tí gíláàsì aláwọ̀ ayinrin dì mọ́ nínú.

Igbó Olókun wà ní apá àríwá ìlú Ifẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ ibẹ̀ láti wá ìlẹ̀kẹ̀ tà. Àwọn tí ń gbẹ́ ẹ kì í ka àfọ́kù ìkòkò sí, wọn a jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Frobenius gbẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú, ó sì rí àwọn ìkòkò náà. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà ni pé àwọn ará Ifẹ̀ kò mọ bí a ti ń ṣe gíláàsì. Pé àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀ ni ó ń gbé e wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti ilẹ̀ Yúróòpù, tí àwọn baba wa sì kàn ń yọ́ ọ láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ní kúkúrú, alátùn-únṣe ni wọ́n pè wá, wọn kò pè wá ní oníṣẹ́ ọwọ́.

Pàǹtírí ni ó dá wa láre. Ní 2006, James Lankton, Akin Ìgè àti Thilo Rehren gbé èsì àyẹ̀wò jáde tí ó fi hàn pé gíláàsì tí ó wà nínú àwọn ìkòkò Ifẹ̀ kò jọ ti Lárúbáwá, kò jọ ti Yúróòpù, kò sì jọ ti Íńdíà. Ẹ̀fun inú rẹ̀ pọ̀, álúmínà inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn wọ̀nyẹn lọ. Lẹ́yìn èyí, Abídèmí Babátúndé Babalọlá walẹ̀ ní Igbó Olókun láti 2011, ní ìpele ìpele. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó rí ju 12,000 lọ, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-gíláàsì àti ìdàrọ́ iṣẹ́ náà. Èsì tí ó tẹ̀ jáde ní 2017 fi iṣẹ́ náà sí àárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú gíláàsì yìí gan-an ni a sì ti rí ní Gao, ní orílẹ̀-èdè Málì. Nítorí náà, ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó kàn ń wọlé wá sí Ifẹ̀. Láti Ifẹ̀ ni ó ti ń jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ẹ ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí àwọn agbẹ́lẹ̀ bá ti kó gbogbo ilẹ̀ Igbó Olókun tán kí ọdún 2011 tó dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ ìbá wà lọ́rùn àwọn ènìyàn káàkiri ayé, wọn ìbá sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwa ni a ṣe wọ́n. Ohun tí olè kò kà sí ni ó jẹ́rìí fún wa.

5. Àpáàdì Lúwoo

Gbogbo ọmọ Ifẹ̀ ni ó mọ ìtàn Lúwoo, obìnrin tí ó jọba. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀, ni ó bá pàṣẹ pé kí a fi àpáàdì tẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà ìlú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rìn káàkiri Ifẹ̀ lẹ́yìn òjò yóò ti rí àpáàdì náà: wọ́n dúró lórí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n tò ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú òkúta funfun kéékèèké láàrin wọn. Ní àwọn ibì kan, ọrùn ìkòkò kan wà ní àárín, tí a gbà pé ẹbọ tàbí omi ni wọ́n ń dà sí i.

Ìwalẹ̀ kò wá láti sọ ìtàn Lúwoo di asán. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fẹ̀ ẹ́ lójú. Ní ilẹ̀ Ọbalára, níbi tí Peter Garlake ti walẹ̀ ní 1971 sí 1972, ilẹ̀ àpáàdì náà kì í ṣe ojú ọ̀nà lásán. Ère amọ̀, ìkòkò àti agbárí ènìyàn ni a rí ní àyíká rẹ̀, tí ó fi hàn pé ibi ìsìn ni. Ní Láfógído, níbi tí Ekpo Eyo ti walẹ̀ ní 1969, àwọn ìkòkò tí a fi orí ẹranko ṣe ìdérí wọn ni ó yí etí ilẹ̀ àpáàdì kan ká. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé ẹnì kan pàṣẹ. Ilẹ̀ sọ fún wa pé àgbàlá ilé, ojúbọ àti ọ̀nà ni àṣẹ náà tàn dé. Àrọ́bá àti ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n.

Síbẹ̀, àpáàdì yìí ni ó ń parẹ́ jù lọ. Orí idẹ ní olówó, nítorí náà ó ní ẹni tí yóò pariwo bí ó bá sọnù. Ta ni yóò pariwo nítorí àpáàdì? Bí ọkọ̀ katapílà bá gorí rẹ̀, bí ẹ̀kún omi bá wọ́ ọ lọ, bí a bá da kọnkéré lé e, ọjọ́ kejì ni a ti gbàgbé. Ní Ìta Yemòó, a ṣe ìbòrí lé díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ibòmíràn, ẹsẹ̀ àti táyà ni ó ń jẹ ẹ́ run.

6. Òfin àti onílẹ̀

Ẹnì kan lè sọ pé òfin wà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1943 ni ìjọba amúnisìn yan Kenneth Murray láti máa bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin ọdún 1953 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ walẹ̀ láti wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, kò sì gbọ́dọ̀ kó wọn jáde kúrò ní ìlú láìgba àṣẹ. Ní 1979, Òfin 77 dá Àjọ tí ń mójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ náà létí.

Òfin náà dára. Ẹ jẹ́ kí á wò ó láti ojú ẹni tí ń kọ́lé. Ó ti fi owó ọdún mélòó kan ra ilẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ ogún baba rẹ̀. Ó ti kó bíríkì jọ, ó ti san owó bíríkìlà. Ọkọ́ kan ère. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà á pé iṣẹ́ yóò dúró, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ère náà yóò sì lọ láìsí ẹni tí yóò dárúkọ ìdílé rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá dákẹ́, ilé rẹ̀ yóò parí; bí ó bá sì tà á ní kọ̀rọ̀, owó yóò wọlé. Òfin tí ó bá sọ olóòótọ́ di ẹni tí ń jìyà, tí ó sì sọ oníjìbìtì di ẹni tí ń jèrè, kò lè ṣọ́ ohunkóhun. Èmi kò sọ pé kí á pa òfin rẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á mú kí òtítọ́ ṣeé sọ.

Kí á má sì rò pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni òpin ààbò. Ní 1994, olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, wọ́n sì jí àwọn orí ère amọ̀ gbé lọ. Ohun tí ó fún wa ní agbára láti máa béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà ni pé a ti ya àwòrán wọn, a sì ti kọ ibi tí a ti rí wọn sílẹ̀. Èyí tí a hú ní òru tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, báwo ni a ó ṣe fi hàn ní ilé ẹjọ́ pé tiwa ni?

7. Èèwọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́

Kí òfin 1953 tó dé, ta ni ń ṣọ́ àwọn ibi wọ̀nyí? Èèwọ̀ ni. Igbó tí a kì í wọ̀, igi tí a kì í gé, ilẹ̀ tí a kì í fi ọkọ́ kàn àfi bí àwòrò bá pàṣẹ. Àwa onímọ̀ ti sábà máa ń wo èèwọ̀ bí ìdènà iṣẹ́ wa. Mo fẹ́ kí á wò ó gẹ́gẹ́ bí ìdí tí iṣẹ́ fi ṣẹ́kù fún wa láti ṣe.

Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìjọba kéde apá kan rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí ní 1965. UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé UNESCO ni ó mú kí igbó náà wà di 2005. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, Àtáọ́ja àti àwọn ará ìlú, pẹ̀lú akitiyan Susanne Wenger àti àwọn oníṣọ̀nà tí ó bá a ṣiṣẹ́, ni kò jẹ́ kí a gé e tà.

Ẹ wá fi èyí wé Erédò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, odi àti yàrà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160, tí gíga rẹ̀ sì tó mítà 20 ní àwọn ibì kan. Ní Òkè-Ẹ̀rì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe ìbẹ̀wò sí ojú oórì Bílíkísù Sùngbọ́, ọ̀wọ̀ ń bẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tí ìrántí ti sá kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn, ọ̀nà mọ́tò la odi náà kọjá, oko sì gorí rẹ̀. Ibi tí ọ̀wọ̀ bá kù sí ni odi máa ń kù sí.

N kò tan ara mi jẹ. Èèwọ̀ nìkan kò tó mọ́. Ẹ̀sìn ti yí padà, owó ilẹ̀ ti gòkè, àwọn kan sì ń pe ère àtijọ́ ní ohun ègún tí ó yẹ kí á fọ́. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ìdáhùn mi ni pé mímọ ohun tí baba ẹni ṣe kì í ṣe pé a ń bọ ọ́. Mùsùlùmí àti Kristẹni tí ó jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ ni ó jogún gíláàsì Igbó Olókun bí oníṣẹ̀ṣe ti jogún rẹ̀.

8. Àwọn àbá

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé ènìyàn ni ń gbé ilé, pé ère kì í gbé ilé, àti pé a kò lè sọ gbogbo Ifẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìlú tí ó wà láàyè ni Ifẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ kọ́lé níbẹ̀. Àbá márùn-ún tí mo ní kò dí ilé kíkọ́ lọ́wọ́.

Èkíní, kí á ní máàpù tí ó fi ibi tí ohun àtijọ́ wà hàn, kí ó sì wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì tí ń fọwọ́ sí pílánù ilé. Bí ilẹ̀ bá bọ́ sí irú ibẹ̀, kí awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wo ìpìlẹ̀ náà, kí onílé náà tó máa kọ́lé rẹ̀ lọ. Ìnáwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ já lé onílé lórí.

Èkejì, kí á lọ bá àwọn bíríkìlà àti àwọn agbẹ́-kànga ní ìpàdé ẹgbẹ́ wọn. Kí á kọ́ wọn ní ohun mẹ́ta péré: dúró, má fà á yọ, ránṣẹ́ pè wá. Ẹni tí ó mọ ohun mẹ́ta yìí wúlò fún ìtàn ju ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ gba ẹ̀bùn tí ó tọ́, kí á sì kọ orúkọ agbolé rẹ̀ sára ohun náà níbikíbi tí a bá gbé e sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò béèrè ju kí á má pa orúkọ baba wọn rẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹrin kan àwa fúnra wa. A walẹ̀ ní agbolé onílé, a kó ẹ̀rí lọ, a kọ ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a tẹ̀ ẹ́ ní òkè òkun, onílé kò sì rí i. Kí gbogbo ìwalẹ̀ tí a bá ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìròyìn kúkúrú ní èdè Yorùbá, kí á sì wá kà á sétí àwọn tí ó gbà wá láàyè láti walẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ wí, kí ni yóò máa ṣọ́?

Ìkarùn-ún lè ya yín lẹ́nu láti ẹnu awalẹ̀pìtàn: kí á má gbẹ́ ibi gbogbo. Ní 1938, kò sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń ka ọdún inú èédú. Nígbà tí Willett walẹ̀ ní 1957, irú àyẹ̀wò gíláàsì tí ó dá wa láre ní 2006 kò tíì wọ́pọ̀. Ó dájú pé àwọn ọmọ wa yóò ní ọgbọ́n tí ó ju tiwa lọ. Bí a bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ tán lónìí, ìwé tí a ti ya ni a ó fi jogún fún wọn. Níbi tí ewu ilé tàbí ojú ọ̀nà kò bá sí, tí àwòrò bá sì sọ pé kí á dá ibẹ̀ sí, ó yẹ kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹwà nìkan kò lè sọ ìtàn, bí a ti rí i ní Wúnmọníjẹ̀. Pé pàǹtírí lè gba orílẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀gàn, bí a ti rí i ní Igbó Olókun. Àti pé ilẹ̀ àti àrọ́bá a máa ran ara wọn lọ́wọ́, bí a ti rí i nínú ọ̀rọ̀ Lúwoo. Mo sì ti sọ pé òfin tí kò bá ní ọ̀rẹ́ láàrin àwọn onílẹ̀ yóò máa dé lẹ́yìn tí ọkọ́ ti kọjá.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Bí a ti ń jókòó yìí, ìpìlẹ̀ ilé kan wà tí a ń gbẹ́ ní Ifẹ̀. Bóyá kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bóyá ohun tí ó wà níbẹ̀ ni yóò dáhùn ìbéèrè tí a ti ń béèrè láti 1938. Ẹni tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò mọ̀ ṣáájú gbogbo wa. Ohun tí ó kù fún àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni láti rí i pé ó mọ ẹni tí yóò ránṣẹ́ sí, àti pé kò ní kábàámọ̀ pé ó ránṣẹ́.